Ooru, Ìwọ̀n Ìgbóná àti Ìfúnpọ̀: Èdè-Ìperí fún Ìmúrasílẹ̀ Ẹ̀rọ Ọkọ̀ de Pápá Ìsáré Nígbà Ooru

1.0 Ìfáárà

Nígbà tí ètò ìkọ́ni ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, tí a sì fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ó hàn gbangba pé èdè wa lè ru ẹrù ìmọ̀ òde òní bí a bá wá òṣùká tí ó yẹ fún un. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984. Ìkejì rẹ̀, tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀ lé e ní 1990. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni iṣẹ́ méjèèjì dá lé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìwé ìlò ẹ̀rọ ní Yorùbá lónìí ṣì ní láti máa dá igbó tirẹ̀ ṣán.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, igun kékeré kan nínú igbó náà ni a fẹ́ ṣán: àwọn ọ̀rọ̀ tí a nílò láti ṣàlàyé bí a ṣe ń mú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tutù, pàápàá bí ọkọ̀ náà bá ń lọ sí pápá ìsáré ní àkókò ooru. Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé béèrè ìdí tí a fi lọ mú àpẹẹrẹ wa láti pápá ìsáré. Ìdí náà kò jìnnà. Lójú pópó, ẹ́ńjìnnì kì í sábà lo gbogbo agbára rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí kò péye lè kọjá láìsí ẹni tí yóò fura. Ní pápá ìsáré, gbogbo nǹkan ni ó ń dé góńgó. Níbẹ̀ ni a ti ń mọ̀ bóyá gbígbóná àti híhó jẹ́ nǹkan kan náà, àti bóyá omi tútù ni omi tí ń mú nǹkan tutù. Àṣìlò ọ̀rọ̀ níbẹ̀ lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ó sì lè bó ènìyàn lára.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni èyí: nínú àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí, èwo ni kí a yá, èwo sì ni kí a ṣẹ̀dá?

2.0 Ọjọ́ ìwakọ̀ pápá

Ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Jámánì, ẹni tí ó ní ọkọ̀ lè san owó láti wa ọkọ̀ ara rẹ̀ ní pápá tí a kọ́ fún eré ìje. Kò sí ọkọ̀ tí yóò ko ó lójú, kò sí ẹlẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà, a kì í sì í fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bùn. A máa ń pín àwọn awakọ̀ sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ kan lè wakọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kí òmíràn tó gba ọ̀nà. Bí atúmọ̀-èdè bá pe èyí ní ìdíje ọkọ̀, ó ti ṣi òǹkàwé lọ́nà, nítorí pé kò sí ẹni tí ń bá ẹnìkejì díje. A dábàá ọjọ́ ìwakọ̀ pápá.

Àpẹẹrẹ tí a ó máa tọ́ka sí ni pápá Buttonwillow ní àfonífojì San Joaquin, ní ìpínlẹ̀ California. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, ìwọ̀n ìgbóná afẹ́fẹ́ níbẹ̀ a máa kọjá 38°C lọ́pọ̀ ìgbà. Ọkọ̀ tí a ó sì máa wò ni Mazda MX-5, ọkọ̀ kékeré oníjòkòó méjì tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1989, tí ó sì wọ́pọ̀ gan-an ní irú pápá bẹ́ẹ̀.

3.0 Ooru yàtọ̀ sí ìwọ̀n ìgbóná

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, a máa ń wí pé ooru mú, pé ara ọmọ gbóná, pé ọbẹ̀ gbóná. Kò sí àléébù nínú èyí. Ṣùgbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, nǹkan méjì ni ó wà lábẹ́ àwọn gbólóhùn wọ̀nyí, a kò sì gbọdọ̀ fi orúkọ kan pè wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a mú abẹ́rẹ́ kan kí a fi iná yan án títí yóò fi pọ́n. Abẹ́rẹ́ náà gbóná ju ìkòkò omi híhó lọ fíìfíì. Síbẹ̀, bí a bá jù ú sínú agbada omi tútù, omi náà kò tilẹ̀ ní lọ́ wọ́ọ́wọ́. Bí a bá da ìkòkò omi híhó sí i ńkọ́? Gbogbo agbada ni yóò gbóná. Abẹ́rẹ́ ní ìwọ̀n ìgbóná tí ó ga, ṣùgbọ́n ooru tí ó wà nínú rẹ̀ kéré. A dábàá pé kí a fi ooru sílẹ̀ fún ohun tí ń ṣí kúrò lára nǹkan tí ó gbóná lọ sí ara èyí tí kò gbóná tó o, kí a sì fi ìwọ̀n ìgbóná pe ohun tí géèjì ń sọ fún wa.

Ẹ wo bí ìyàtọ̀ yìí ti wúlò tó. Lítà epo bẹntiróòlù kan ní agbára tí ó tó nǹkan bíi mẹ́gájúùlù 32 nínú. Bí ọkọ̀ kan bá ń jó lítà 24 ní wákàtí kan ní pápá, agbára tí ń jáde nínú epo náà lé ní kílówáàtì 200. Bí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá rẹ̀ bá bọ́ sínú omi tí ń yí ẹ́ńjìnnì ká, kílówáàtì 60 nìyẹn: bí ìgbà tí ènìyàn tan ìkòkò iná mànàmáná 30, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílówáàtì 2, lẹ́ẹ̀kan náà. Ooru ni èyí. Ìwọ̀n ìgbóná omi náà lè má yí padà rárá, níwọ̀n ìgbà tí ooru tí ń jáde bá ti dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ń wọlé.

Ìgbà tí wọn kò bá dọ́gba mọ́ ni wàhálà dé. Iye ooru tí afẹ́fẹ́ lè gbà lọ́wọ́ omi dúró lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwọ̀n ìgbóná àwọn méjèèjì. Bí omi bá wà ní 100°C, tí afẹ́fẹ́ sì wà ní 20°C, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 80. Bí afẹ́fẹ́ bá di 40°C, ìyàtọ̀ náà di 60. Ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ìtutù ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ọkọ̀. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní oṣù kejì fi lè kọṣẹ́ ní oṣù keje. Olùkọ́ tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ooru àti ìwọ̀n ìgbóná kò lè ṣe àlàyé yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kí ó yé e.

4.0 Rẹ́díétọ̀, lẹbẹ àti fáànù

Àwọn mẹkáníìkì wa ti yá rẹ́díétọ̀, páǹpù, fáànù, họ́ọ̀sì àti gásíkẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ti fi ohùn Yorùbá sí wọn lára. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ̀ wọ́n. Àwọn kan nínú wa yóò fẹ́ kí a lé àwọn ọ̀rọ̀-àyálò wọ̀nyí lọ kí a sì ṣẹ̀dá tuntun dípò wọn. A kò fara mọ́ èyí. Ohun tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn, tí ó sì ti ní orúkọ lẹ́nu àwọn tí ń fi í ṣiṣẹ́, kò nílò ìsọmọlórúkọ ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ìdí mìíràn tún wà tí rẹ́díétọ̀ fi sàn kí a yá a ju kí a tú u lọ. Orúkọ tí ó ní lédè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń wí pé nǹkan náà ń tan ooru jáde bí oòrùn ti ń tan ìmọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ jù lọ. Afẹ́fẹ́ tí ń kọjá láàárín rẹ̀ ni ó ń ru ooru lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń tàn jáde. Bí a bá tú orúkọ náà ní olówuuru, àṣìṣe ẹni ẹlẹ́ni ni a ó gbé wọ inú èdè wa. Àwọn ará Jámánì ní tiwọn pe é ní Kühler, ohun tí ń mú nǹkan tutù, èyí sì bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Àwọn ará Jámánì náà ni ó fún wa ní àpẹẹrẹ dídára nípa fífi àwòjọ sọ nǹkan lórúkọ. Nígbà tí Wilhelm Maybach ṣe rẹ́díétọ̀ tuntun fún ọkọ̀ Mercedes tí ó jáde ní 1901, ó to ọ̀pá kéékèèké 8,070 pọ̀, ihò ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mìlímítà 6 ní ìbú àti ní òró, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn kọjá. Wọ́n wò ó, wọ́n rí i pé ó jọ afárá oyin, wọ́n sì fi afárá oyin pe é. Rẹ́díétọ̀ òde òní kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀pá pẹlẹbẹ ni omi ń gbà, láàárín àwọn ọ̀pá náà sì ni irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ká wà, tí ń mú kí ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ń fara kàn pọ̀ sí i. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí kò ní orúkọ Yorùbá tí gbogbo ènìyàn mọ̀. A dábàá lẹbẹ, orúkọ ohun tí ẹja fi ń lúwẹ̀ẹ́: ó fẹ́lẹ́, ó yọ síta lára, inú ohun tí ń ṣàn ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́.

Fáànù ní tirẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ gba àárín lẹbẹ nígbà tí ọkọ̀ kò bá sáré. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó, fáànù ni olùgbàlà ẹ́ńjìnnì. Ní pápá ìsáré, eré ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó pọ̀ ju ti fáànù lọ, fáànù kò sì fi bẹ́ẹ̀ wúlò títí ọkọ̀ yóò fi padà dúró. Ohun tí ó ṣe kókó níbẹ̀ ni pé kí afẹ́fẹ́ tí ó gba imú ọkọ̀ wọlé má rí àlàfo yà gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́díétọ̀. Afẹ́fẹ́ kì í gba ọ̀nà tí ó le bí ó bá rí èyí tí ó rọrùn. A dábàá ìdínà-àlàfo fún iṣẹ́ fífi fóòmù tàbí páànù alumíníọ̀mù dí àwọn àlàfo wọ̀nyí.

5.0 Omi amẹ́rọtutù

Kí ni kí a pe omi tí ń yí ẹ́ńjìnnì ká? Ọ̀pọ̀ ń pe é ní omi lásán. Àwọn mìíràn tí wọ́n tú u láti inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì a máa kọ omi tútù. Ewu wà nínú èkejì yìí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ìwọ̀n ìgbóná omi náà lè tó 90°C tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó lè bó awọ ara kò ṣeé pè ní tútù. Èyí tí ó tún burú jù ni pé òǹkàwé lè gbọ́ gbólóhùn náà bí àṣẹ: bí ìwé bá ní kí ó bu omi tútù sí ẹ́ńjìnnì, yóò bu omi láti inú kànga sí irin tí ó ti gbóná janjan. Irin tí ó bá tutù lójijì a máa súnkì lójijì, ó sì lè sán.

Àpẹẹrẹ tí a lè tẹ̀ lé ti wà nínú èdè. Ẹ̀rọ tí ń mú inú ilé tutù ni a ń pè ní amúlétutù: a- + mú + ilé + tutù. Ní ìlànà kan náà, a lè ní amẹ́rọtutù: a- + mú + ẹ̀rọ + tutù, tí fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe mú sì ti jẹ. Mọ́fíìmù a- ń sọ olùṣe di mímọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ń sọ iṣẹ́ tí omi ń ṣe, kò sì sọ pé omi náà fúnra rẹ̀ tutù. Omi amẹ́rọtutù ni a dábàá, nítorí náà.

Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Ní ilẹ̀ tí omi ti ń di yìnyín, a máa ń pò ó mọ́ gíláíkọ́ọ̀lù, lọ́gbọọgba lọ́pọ̀ ìgbà, kí ó má baà dì títí ìwọ̀n ìgbóná yóò fi lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi 37 ní ìsàlẹ̀ òdo. Nítorí iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní adènà-dídì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ síbẹ̀: ó ń mú kí omi pẹ́ kí ó tó hó, àwọn èròjà tí a fi sí i sì ń dènà ìpẹtà. Ní ilẹ̀ tiwa, níbi tí omi kì í ti í dì, adènà-dídì kò ní ìtumọ̀ fún awakọ̀, nítorí náà omi ẹ̀rọ lásán ni ọ̀pọ̀ ń bù, ìpẹtà sì ń jẹ inú rẹ́díétọ̀ wọn. Orúkọ tí ó mẹ́nu ba iṣẹ́ kan ṣoṣo ti fi àwọn iṣẹ́ yòókù pamọ́ fún wa. Adènà-ìpẹtà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sí níhìn-ín.

Ní pápá ìsáré, ọ̀rọ̀ náà tún gba ibòmíràn yọ. Omi lásán ń ru ooru ju àdàlù lọ: láti mú kílógíráàmù omi kan gbóná sí i ní dígíríì kan, a nílò nǹkan bíi kílójúùlù 4.2, fún àdàlù ọlọ́gbọọgba, nǹkan bíi 3.5 ni. Bí kílógíráàmù 2 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kílówáàtì 60 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yóò mú omi lásán gbóná sí i ní nǹkan bíi dígíríì 7, yóò sì mú àdàlù gbóná sí i ní nǹkan bíi 8.5. Ní àfikún, gíláíkọ́ọ̀lù tí ó bá dà sílẹ̀ a máa mú ọ̀dà yọ̀, kì í sì í tètè gbẹ. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ olùṣètò eré ìje fi kà á léèwọ̀. Omi àti adènà-ìpẹtà nìkan ni ọ̀pọ̀ ń lò ní ìgbà ooru. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rántí dá gíláíkọ́ọ̀lù padà kí ìgbà òtútù tó dé. Májèlé sì ni gíláíkọ́ọ̀lù tí a dà nù. Ó dùn lẹ́nu ẹran ọ̀sìn, ó sì ń pa wọ́n.

6.0 Ìfúnpọ̀, ojú ìhó àti ìgbónájù

Orúkọ wo ni kí a fún agbára tí ń ti omi mọ́ ara ohun tí ó wà nínú rẹ̀? Ní ẹ̀ka ìlera, a ti ń lo ìfúnpá. Ọ̀rọ̀ náà dára níbi tí ó wà: ì- + fún + apá, nítorí pé apá ni a ń fún nígbà tí a bá ń wọn ẹ̀jẹ̀. Àwọn àgbà sì mọ ìfúnpá sí oògùn tí a ń so mọ́ apá. Rẹ́díétọ̀ kò ní apá. Bí a bá gbé ìfúnpá wọ inú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìtumọ̀ rẹ̀ yóò ṣókùnkùn. A dábàá ìfúnpọ̀: ì- + fún + pọ̀. Ojú ìhó ni a sì fi pe ìwọ̀n ìgbóná tí nǹkan olómi ti ń hó.

Létí òkun, omi lásán ń hó ní 100°C. Bí a bá dé e pa, tí ìfúnpọ̀ inú rẹ̀ sì fi báà 1 ju ti òde lọ, ojú ìhó rẹ̀ yóò di nǹkan bíi 120°C. Ìdérí rẹ́díétọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe ìdérí bíi ti ìkòkò tàbí ti ìgò. Sípíríǹgì wà nínú rẹ̀ tí ń di ìfúnpọ̀ mú dé ìwọ̀n tí a kọ sí i lára. Nítorí náà, kí a má pè é ní ìdérí lásán mọ́. Ìdérí ìfúnpọ̀ ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀mí wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré yìí. Ká ní omi inú ọkọ̀ kan wà ní 115°C lábẹ́ ìdérí ìfúnpọ̀, kò tí ì hó. Ẹnìkan fi àkísà di ìdérí mú, ó ṣí i. Lójú ẹsẹ̀, ìfúnpọ̀ lọ, ojú ìhó já wálẹ̀ sí 100°C, omi tí ó dákẹ́ tẹ́lẹ̀ sì hó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ru sókè sí ojú àti àyà ẹni tí ó ṣí i. Ẹni tí ó mọ nǹkan náà sí ìdérí lásán kò rí ìdí tí kò fi yẹ kí ó ṣí i. Orúkọ tí ó bá péye a máa kìlọ̀ fún ènìyàn kí ìwé tó kìlọ̀.

Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a tẹnu mọ́. Àwọn awakọ̀ wa a máa ní mọ́tò ń hó nígbà gbogbo tí abẹ́rẹ́ géèjì bá lọ sókè. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì lè gbóná jù láìhó: ní 118°C, lábẹ́ ìdérí ìfúnpọ̀ tí ó dára, omi kò hó, síbẹ̀ orí ẹ́ńjìnnì tí a fi alumíníọ̀mù ṣe wà nínú ewu pé ó lè wọ́, kí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì sì jó. Ó sì lè hó láìgbóná jù: bí sípíríǹgì ìdérí bá ti rọ̀, omi lè hó ní 102°C. Àtúnṣe méjèèjì kò papọ̀. Èkínní ń fẹ́ kí a wá ọ̀nà tí ooru yóò gbà jáde. Èkejì ń fẹ́ ìdérí tuntun tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. A dábàá ìgbónájù fún èkínní, kí híhó sì dúró fún èkejì nìkan.

7.0 Oníbodè omi

Nínú ìlú Yorùbá àtijọ́, oníbodè ni ó ń ṣọ́ ẹnu odi. Òun ni ó ń pinnu ìgbà tí a ó ṣílẹ̀kùn. Irú rẹ̀ wà nínú ẹ́ńjìnnì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tẹ́mọ́sítáàtì. Ìda ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí omi bá tutù, ó ti ọ̀nà rẹ́díétọ̀ pa, omi a sì máa yípo nínú ẹ́ńjìnnì nìkan kí ó lè tètè yá. Bí omi bá ti tó nǹkan bíi 82°C sí 88°C nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìda a yọ́, a wú, a sì ti ilẹ̀kùn ṣí. A dábàá oníbodè omi fún un, pẹ̀lú tẹ́mọ́sítáàtì gẹ́gẹ́ bí orúkọ àyálò rẹ̀.

Àṣà kan wọ́pọ̀ ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì wa: wọ́n a yọ ọ́ sọ nù, wọ́n a ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Èrò yìí wá láti inú àìmọ ohun tí orúkọ àjèjì náà ń sọ. Oníbodè kò dá ooru sílẹ̀. Ìwọ̀n ìgbóná ni ó ń tọ́jú. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì a máa pẹ́ nínú òtútù, epo púpọ̀ a sì máa jó dànù. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, oníbodè yìí kan náà ni ó ń ti ọ̀nà àbùjá pa nígbà tí ó bá ṣí ọ̀nà rẹ́díétọ̀. Bí a bá yọ ọ́, ọ̀nà àbùjá yóò wà ní ṣíṣí, apá kan nínú omi gbígbóná yóò padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rẹ́díétọ̀ rárá. Ẹni tí ó yọ ọ́ nítorí ìgbónájù ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Àwọn awakọ̀ pápá ní àṣìṣe tiwọn. Wọ́n a ra oníbodè tí ń ṣí ní ìwọ̀n ìgbóná tí ó rẹlẹ̀, wọ́n a rò pé ọkọ̀ yóò tutù sí i. Lóòótọ́, omi yóò tutù díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníbodè méjèèjì bá ti ṣí tán, agbára rẹ́díétọ̀ nìkan ni ó kù tí ń pinnu, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín wọn mọ́.

8.0 Ipa omi: àpẹẹrẹ MX-5

Ipa omi ni a fi ń pe ọ̀nà tí omi amẹ́rọtutù ń tọ̀. MX-5 jẹ́ àpẹẹrẹ dáradára. Ẹ́ńjìnnì tí a lò nínú àwọn àkọ́kọ́ rẹ̀ wá láti inú ìdílé ẹ́ńjìnnì tí a ti ń lò nínú Mazda 323, níbi tí a ti gbé e dábùú. Nínú 323, omi ń gba ìpẹ̀kun kan wọlé, ó ń gba ìpẹ̀kun kejì jáde. Nígbà tí a gbé e ní òòró sínú MX-5, ìpẹ̀kun kejì náà wá kọjú sí ògiri tí ó pín ẹ́ńjìnnì àti àwọn èrò níyà. Àyè kò gba họ́ọ̀sì níbẹ̀ dáadáa. Wọ́n dí ojú ibẹ̀, wọ́n sì gbé ẹnu àbájáde wá sí iwájú, nítòsí ibi tí omi ń gbà wọlé. Nítorí èyí, omi tí ó tó kì í dé ọ̀dọ̀ sílíńdà kẹrin tí ó wà lẹ́yìn pátápátá. Ó máa ń gbóná ju àwọn yòókù lọ. Lójú pópó, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ní pápá ìsáré, pàápàá bí a bá ti fi kún agbára ẹ́ńjìnnì náà, ọ̀pọ̀ a máa dá ẹnu àbájáde padà sí ẹ̀yìn. A dábàá àtúndarí ipa omi fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ ṣàkíyèsí pé géèjì kò lè sọ èyí fún awakọ̀. Ibì kan ṣoṣo ni ó ń wọ̀n. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, wọ́n tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe abẹ́rẹ́ rẹ̀ kí ó máa dúró lójú kan láàárín, bí ìwọ̀n ìgbóná tilẹ̀ ń lọ sókè sódò, kí ọkàn awakọ̀ lè balẹ̀. Géèjì olónọ́ńbà ni àwọn awakọ̀ pápá ń fi kún un.

9.0 Ìdánwò àwọn ọ̀rọ̀ náà

Èdè-ìperí tí a kò lè fi kọ ìlànà kò tí ì di èdè-ìperí. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí tí a dábàá kọ ọ̀kan.

(a) Kí ọjọ́ ìwakọ̀ pápá tó dé, fọ ìdọ̀tí àti kòkòrò kúrò láàárín lẹbẹ rẹ́díétọ̀. Má ṣe jẹ́ kí agbára omi wọ́ lẹbẹ. Ṣe ìdínà-àlàfo ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

(b) Tẹ àwọn họ́ọ̀sì wò. Èyí tí ó bá ti rọ̀ jù, tí ó le gbagidi, tàbí tí ó ti là, pààrọ̀ rẹ̀. Pààrọ̀ ìdérí ìfúnpọ̀ tí ó ti gbó.

(d) Da omi amẹ́rọtutù àtijọ́ nù síbi tí ẹran kò lè dé. Bu tuntun sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù. Gbé imú ọkọ̀ sókè, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè rí ọ̀nà jáde. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá há sí, omi kò sí níbẹ̀ láti gba ooru lára irin.

(e) Ní pápá, wo géèjì nígbà tí ọ̀nà bá gún. Bí ìwọ̀n ìgbóná bá ń sún mọ́ 110°C, dín eré kù, lo jíà tí ó ga, má sì ṣe lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ tí ó wà níwájú, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó ti gbóná ni ó ń fi sílẹ̀ fún ọ. Bí kò bá tíì rọlẹ̀, ṣí ẹ̀rọ amóoru inú ọkọ̀ tán: rẹ́díétọ̀ kejì ni.

(ẹ) Fi ìyípo tí ó kẹ́yìn rìn jẹ́jẹ́. Má ṣe pa ẹ́ńjìnnì lójijì lẹ́yìn eré. Páǹpù tí ẹ́ńjìnnì ń yí yóò dúró, ṣùgbọ́n ooru àṣẹ́kù inú irin yóò ṣì máa wọ inú omi tí kò ṣàn mọ́. Má ṣe ṣí ìdérí ìfúnpọ̀ títí yóò fi tutù délẹ̀.

10.0 Àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

adènà-ìpẹtà: èròjà tí kò jẹ́ kí irin inú ipa omi dípẹtà.
àtúndarí ipa omi: yíyí ibi tí omi ń gbà wọlé tàbí jáde padà.
ìdérí ìfúnpọ̀: ìdérí onísípíríǹgì tí ń di ìfúnpọ̀ mú.
ìdínà-àlàfo: dídí ibi tí afẹ́fẹ́ lè yà gbà.
ìfúnpọ̀: agbára tí nǹkan olómi tàbí afẹ́fẹ́ fi ń ti ara ohun tí ó gbà á sínú.
ìgbónájù: kí ìwọ̀n ìgbóná kọjá èyí tí ẹ̀rọ lè fara dà.
ìwọ̀n ìgbóná: ohun tí géèjì ń wọ̀n.
lẹbẹ: irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àárín ọ̀pá rẹ́díétọ̀.
ojú ìhó: ìwọ̀n ìgbóná tí nǹkan olómi ti ń hó.
omi amẹ́rọtutù: omi tàbí àdàlù tí ń ru ooru kúrò lára ẹ̀rọ.
oníbodè omi: tẹ́mọ́sítáàtì.
ooru: ohun tí ń ṣí láti ara nǹkan gbígbóná lọ sí ara èyí tí kò gbóná tó o.
ooru àṣẹ́kù: ooru tí ó kù nínú irin lẹ́yìn tí a pa ẹ́ńjìnnì.

11.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìlànà tí ó jáde nínú àyẹ̀wò yìí rọrùn láti rántí. Ẹ̀yà tí a lè fọwọ́ kàn, tí ó sì ti ní orúkọ lọ́gbà mẹkáníìkì, kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò lè fọwọ́ kàn, bí ooru, ìfúnpọ̀ àti ojú ìhó, kí a wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ní ààlà fún un, nítorí pé ìrònú ni a fi ń dì í mú, èdè abínibí ẹni sì ni a fi ń ronú jù. Níbi tí orúkọ ẹ̀yà kan bá ti ń fi ewu pamọ́, bí ti ìdérí, omi tútù àti tẹ́mọ́sítáàtì, kí a fi orúkọ tí ń sọ iṣẹ́ rẹ̀ tì í lẹ́yìn.

Àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè ni yóò sọ bóyá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dùn létí tàbí wọn kò dùn. A rọ̀ wọ́n kí wọ́n kó wọn lọ sí ọgbà mẹkáníìkì pẹ̀lú. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá gbọ́ ìdérí ìfúnpọ̀, tí ó sì fà ọwọ́ sẹ́yìn títí rẹ́díétọ̀ fi tutù, ọ̀rọ̀ náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.